Abẹ Aláǹgbá Tí Mo Fi Ọwọ́ Òsì Dán Wò

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, mo wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Narayi pẹ̀lú púlásítà lágbọ̀n. Bí ọbẹ̀ bá jóná, alásè á ní iná ló pọ̀ jù. Bí mọ́tò bá gbókìtì, awakọ̀ á ní ọ̀nà ni kò dára. Ṣùgbọ́n onígbàjámọ̀ tó fi abẹ gé ara rẹ̀ lágbọ̀n, kí ló fẹ́ wí? Oníbàárà àkọ́kọ́ tó wọlé, tíṣà kan tó máa ń gẹrun kó tó lọ síṣẹ́, wo ojú mi, ó wo àga, ó sì ní òun á padà wá lọ́la. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ ṣí púlásítà náà sọ nù, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ kò tíì dá.

Ọmọ Yàgbà ni mí, ó sì ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí ní Kàdúná. Ọ̀dọ̀ Málàm Audu ni mo ti kọ́ ọ, wanzami kan tó ń jókòó nítòsí Kasuwan Barci ní Tudun Wada. Wanzami ni àwọn Hausa ń pe onígbàjámọ̀ gidi, ẹni tó ń fárí, tó ń fá irùngbọ̀n, tó sì tún ń sín gbẹ́rẹ́. Kò sí kílípà lọ́dọ̀ Málàm. Abẹ tó ń ká sínú èèkù ara rẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ mi: ọwọ́ òsì á fa awọ ojú le, ọwọ́ ọ̀tún á di abẹ mú lọ́rùn, ọrùn ọwọ́ á wá máa ṣe gbogbo ọgbọ́n tó kù. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ jù, Málàm á ní, "A hankali, Dele. Fuska ba katako ba ce." Ìyẹn ni pé kí n rọra, ojú èèyàn kì í ṣe pákó. Nígbà tí mo fi máa ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi, mo lè fá irùngbọ̀n ẹni tó ń sùn láì jẹ́ kó jí. Òótọ́ ni mo sọ yẹn, kì í ṣe ìgbéraga. Ìyàwó mi ní ìgbéraga ni.

Ọwọ́ yìí ló gbé mi dé ilé Bàbá ní Malali. Ọmọ Kàbà ni Bàbá, sọ̀féyọ̀ ni wọ́n, ilẹ̀ ni wọ́n fi gbogbo ayé wọn wọ̀n fún ìjọba títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí àgbà dé, ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Síbẹ̀ wọn ò yéé fá irùngbọ̀n wọn fúnra wọn pẹ̀lú abẹ onírin àtijọ́ kan, títí di àárọ̀ ọjọ́ tí ọmọ wọn obìnrin, Àǹtí Fúnkẹ́, bá wọn ní balùwẹ̀ tí síńgílẹ́ẹ̀tì wọn kún fún ẹ̀jẹ̀. Àǹtí Fúnkẹ́ kó gbogbo abẹ inú ilé pamọ́, ó sì béèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì bóyá wọ́n mọ agẹrun tí ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀. Èmi ni wọ́n júwe. Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ Ajé títí dé Àbámẹ́ta ni mò ń wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ sí Malali kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Bàbá kò bá mi jà rí. Wọ́n á jókòó, wọ́n á dijú, wọ́n á sì di eyín mú bí ẹni tó wà lọ́wọ́ dókítà eyín. Tí mo bá ṣe tán, màá gbé dígí síwájú wọn, wọn kì í wò ó. Ó dùn mí, kí n má purọ́. Mo fara dà á fún oṣù bíi mélòó kan, lọ́jọ́ kan mo bá ní:

"Bàbá, ṣé iṣẹ́ mi ò tẹ́ yín lọ́rùn ni?"

"Iṣẹ́ rẹ dáa, Délé. O mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí irùngbọ̀n ti hù lójú mi, kò sẹ́ni tó bá mi fá a rí. Èyí tó ò ń fá yìí, ojú tèmi kọ́ mọ́. Ojú aláìsàn ni."

Mo palẹ̀ ẹrù mi mọ́, mo ní ó dọ̀la.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọmọ wọn ọkùnrin tó wà ní Kánádà fi abẹ kan ránṣẹ́ sí wọn. Èèkù irin ló ní, ó wúwo lọ́wọ́ díẹ̀, bíléèdì kan ṣoṣo ló sì wà nínú rẹ̀, kì í ṣe mẹ́ta tàbí márùn-ún bíi ti àwọn tí wọ́n ń polówó. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ kò dúró. Bí o bá fi ìka kàn án, á mi síwájú, á mi sẹ́yìn, bí aláǹgbá tó bọ́ sórí ògiri tó ń yin ara rẹ̀. Mo bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá, orí èyí ti já."

"Kò já. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Wọ́n ní bó ṣe ń mì yẹn ló fi ń tẹ̀ lé ojú."

Ojú ẹsẹ̀ ni mo sọ ọ́ ní abẹ aláǹgbá. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n tì í sí mi lọ́wọ́.

"Fúnkẹ́ ní mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan án. Mo ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Òun náà ní a kì í fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n fárí. A ti jọ gbà pé ìwọ ni kó o bá wa dá ẹjọ́ náà. Mú un lọ sílé, máa fi fá tìẹ ní àràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó o wá sọ òótọ́ ibẹ̀ fún mi. Bó o bá ní kò dáa, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ mọ́."

Àǹtí Fúnkẹ́ sìn mí jáde lọ́jọ́ náà. Nígbà tí a dé ibi tí Bàbá kò ti lè gbọ́ wa mọ́, ó ní, "Bọ̀dá Délé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn pé kò dáa. Ẹ̀yin ò rí ẹ̀jẹ̀ tí mo rí." Mo mi orí bí abẹ náà pé mo gbọ́. Kì í ṣe èèyàn búburú, ẹ̀rù ló ń bà á. Èmi náà kò sì ṣàìní ìdí tèmi. Ilé yẹn ló ń bá mi gbọ́ bùkátà ilé ìwé ọmọ mi, ta ló máa fọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn oúnjẹ rẹ̀? Kí abẹ aláǹgbá tó kan àgbọ̀n mi, mo ti dá a lẹ́bi.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan. Gbogbo ọdún tí mo fi ń fá ojú olójú, kílípà ni mò ń fi kọjá lára tèmi. Àwọn Hausa a máa ní, "Wanzami ba ya son jarfa," onígbàjámọ̀ kì í fẹ́ kí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ sí òun lára. Àwa náà ní abẹ́nilórí kì í fẹ́ kí wọ́n mú idà kọjá nípàkọ́ òun. Ìyẹn ni pé ìbẹ̀rù mi kò yàtọ̀ sí ti ẹnikẹ́ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀, mo bu omi gbígbóná, mo po ọṣẹ títí ó fi hó, mo sì di abẹ náà mú bí Málàm ṣe kọ́ mi, lọ́rùn. Nígbà tí orí rẹ̀ ń mì, mo fi ìka ìfábẹ̀lá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó lè dúró jẹ́ẹ́. Ó dúró lóòótọ́. Bó ṣe dé ibi tí àgbọ̀n ti tẹ̀, ó wọ inú ẹran lọ.

Mo dunnú sí ọgbẹ́ náà, kí n má tàn yín jẹ. Mo ti rí ẹ̀rí tí màá gbé kalẹ̀ ní Malali bí ọjọ́ bá pé. Ìyàwó mi ló bà á jẹ́ nígbà tí mo délé nírọ̀lẹ́.

"Bàbá Ṣadé, ṣé abẹ ló gé yín ni àbí ìka yín?"

"Ìka báwo?"

"Mo wò yín láàárọ̀. Orí tí wọ́n ṣe pé kó máa mì, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ṣé abẹ ni yóò jẹ̀bi ìyẹn? Ọjọ́ kan ṣoṣo lẹ sì fi dán an wò, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Bàbá ní."

Obìnrin tí kò mú abẹ lọ́wọ́ rí ló ń kọ́ mi níṣẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo mú ìka kúrò, mo di èèkù mú nísàlẹ̀ bí ẹní di ṣíbí, mo sì jẹ́ kó máa lọ. Ó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́, ó tẹ̀ nígbà tó dé egungun àgbọ̀n, ó wọ abẹ́ rẹ̀, ó gba orí gògóńgò kọjá, ọrùn ọwọ́ mi kò sì ṣe nǹkan kan. Ohun tí Málàm fi ọdún mẹ́ta kọ́ mi, orí tó ń mì yẹn ń ṣe é láì ronú. Ojú tì mí díẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn bọ́mpù, ìyẹn irorẹ́ líle tí mo ti ń fi páúdà bò lábẹ́ àgbọ̀n láti ọdún pípẹ́, ti ń rọlẹ̀. Irun wa ń ká. Àwọn abẹ oníbíléèdì púpọ̀ máa ń fà á yọ kí wọ́n tó gé e, á wá padà sábẹ́ awọ, á sì yí orí sínú ẹran. Bíléèdì kan ṣoṣo yìí gé e dọ́gba pẹ̀lú awọ, ó sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, ọwọ́ tó dá ṣáṣá ni mo fi ń fá a. Ti Bàbá kì í ṣe irú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ń dà mí láàmú, títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo ń wo ara mi nínú dígí, tí mo gbé abẹ náà sí ọwọ́ òsì. Ọwọ́ òsì mi kò ṣe ju kó fa awọ le rí. Abẹ ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ìyàwó mi yọjú.

"Ọwọ́ òsì, Bàbá Ṣadé?"

"Iṣẹ́ ni mò ń ṣe."

"Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń fi ọwọ́ òsì ṣe láàárọ̀ kùtù?"

Gbogbo ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo fi ṣe é. Ó lọ́ra, ó ń fo ibòmíràn, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ló họ mí, kò sì gba púlásítà. Bí mo bá gbé abẹ tèmi sí ọwọ́ òsì yẹn, ilé ìwòsàn ni à bá ti bára wa. Lọ́jọ́ Àìkú tó kẹ́yìn, inú mi kò dùn rárá. Mo ń bínú sí abẹ náà nítorí pé kò ṣẹ̀ mí.

Nígbà tí mo dé Malali lọ́jọ́ kejì, Bàbá ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú ilé. Àǹtí Fúnkẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà, ojú rẹ̀ ò kúrò lára mi.

"Ó yá, Délé," Bàbá wí.

"Bàbá, abẹ náà dáa."

"Fún ta?"

"Fún yín, sà. Ọwọ́ òsì ni mo fi dán an wò."

"Haba, Bọ̀dá Délé," Àǹtí Fúnkẹ́ wí. "Ohun tá a jọ sọ kọ́ nìyí."

"Ẹ má bínú, mà. Òótọ́ ni wọ́n ní kí n sọ."

Mo fi bíléèdì tuntun sí abẹ náà, mo fi sípíríìtì nù ún, mo gbé táwẹ̀lì gbígbóná lé ojú Bàbá, mo sì fi bùrọ́ọ̀ṣì po ọṣẹ fún wọn. Mo ní kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n má fi ìka kan orí rẹ̀, kí wọ́n má jẹ́ kí ọwọ́ gbọ́n ju abẹ lọ. Wọ́n gbé e sókè. Ọwọ́ ń gbọ̀n, orí abẹ ń mì, n kò mọ èwo ni ti ọwọ́, èwo ni ti abẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, orí náà fara mọ́ awọ, ó sì ń lọ. Gbígbọ̀n náà dúró sí èèkù, kò dé ojú.

Létí etí, ẹ̀jẹ̀ yọ tín-ín-rín. Àǹtí Fúnkẹ́ fẹsẹ̀ kan síwájú.

"Fúnkẹ́, jókòó," Bàbá wí, wọn ò wẹ̀yìn. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. Èmi náà fi ọwọ́ méjèèjì há àárín orúnkún mi, torí wọ́n fẹ́ lọ ran Bàbá lọ́wọ́. Omi gbígbóná ti di tútù pátápátá kí wọ́n tó ṣe tán. Wọ́n na ọwọ́ gba dígí lọ́wọ́ mi, wọ́n sì wo ojú wọn pẹ́.

"Ṣé ó mọ́?"

"Ó ku díẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n, sà. Lápá òsì." Kò sẹ́ni tó kúrò níwájú mi rí tí irun kan ṣẹ́ kù sí lójú, ọwọ́ mi sì ti ń lọ. "Ẹ jẹ́ kí n bá yín mú un kúrò."

Wọ́n fi ìka wá a títí wọ́n fi kàn án. Wọ́n fọwọ́ pa á lẹ́ẹ̀mejì.

"Fi sílẹ̀, Délé. Èmi ni mo ṣẹ́ ẹ kù."

Àǹtí Fúnkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Inú mi dùn, ó sì dùn mí, lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fọ bùrọ́ọ̀ṣì, mo ká táwẹ̀lì, mo fi abẹ náà sílẹ̀ sórí tábìlì níbi tí ọwọ́ Bàbá á ti tó o. Nígbà tí mo dé géètì, ọkùnrin Hausa tó ń ṣọ́ ibẹ̀ rí i pé mo kó gbogbo ẹrù mi dání, àní àti ike omi tí mo máa ń fi sílẹ̀ níbẹ̀.

"Malam Dele, sun kore ka ne?" Ó ń béèrè bóyá wọ́n lé mi ni.

"A'a," mo ní. "Na gama aikin ne."

Rárá. Mo parí iṣẹ́ náà ni.