Bàbá Tí Pírójẹ́ẹ̀tì Pa

Orí ọmọ mi wà láàrin itan mi, mò ń tú irun rẹ̀, òòyà wà lẹ́nu mi, nígbà tí fóònù dún. Àbúrò ọkọ mi ni. Akọ̀wé ni mò ń pè é, nítorí ìyàwó kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ, àti pé láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé wọn, bírò kì í kúrò létí rẹ̀. Ohun tó ń fi bírò ọ̀hún kọ ni mi ò tíì rí.

"Ìyàwó wa! Wọ́n ti buwọ́ lù ú o! Olùkọ́ mi ti buwọ́ lu pírójẹ́ẹ̀tì mi!"

Òòyà já bọ́ lẹ́nu mi. Mo kígbe, ọmọ mi náà kígbe, àmọ́ irun tí mo fà ló fa tiẹ̀.

Ìwé mẹ́wàá ni mo kà tí mo fi dúró. Ṣùgbọ́n Agbowó ni mò ń gbé, búrẹ́dì àti ẹyin díndín ni mò ń tà níwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù fọ́tókọ́pì, kò sì sí ìwé tó ń jáde nínú ẹ̀rọ wọn tí kì í gba ojú mi kọjá. Pírójẹ́ẹ̀tì ni ìwé ńlá tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kọ kó tó gboyè. Wọ́n á ní kó lọ wádìí nǹkan, kó fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sọ ohun tó rí. Ní òpópónà wa, wọn kì í kọ ọ́. Ẹni tó jáde lésìí á fi tiẹ̀ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kàn á dé, á pààrọ̀ orúkọ, á pààrọ̀ ìlú, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi páálí líle dì í, ó parí. Ìwé kan wà níbẹ̀ tó ti gboyè ju ẹni tó kọ ọ́ lọ.

Kì í ṣe pé wọn ò kọ́ wọn o. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan tí mi ò ní dárúkọ ni Akọ̀wé ń lọ, ó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi níbi tó ti ń jẹ ẹyin mi lọ́fẹ̀ẹ́: wọ́n ní kíláàsì tó jẹ́ pé bí èèyàn ṣe ń kọ ìwé nìkan ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Olùkọ́ á dúró síwájú, á máa pe ọ̀rọ̀ látinú ìwé àtijọ́ kan, "Ẹ lo ọ̀rọ̀ ara yín," gbogbo gbọ̀ngàn á sì máa dà á kọ. Nígbà ìdánwò, wọ́n ní kí wọ́n to ọ̀nà tí èèyàn fi lè yẹra fún dída iṣẹ́ ẹlòmíràn kọ.

"Ẹ sì mọ̀ ọ́n?" mo bi í.

"Ẹni tó jókòó níwájú mi mọ̀ ọ́n, Ìyàwó wa. A dúpẹ́."

Bàbá ọkọ mi ní kí gbogbo wa wá sí Òkè-Àdó lọ́jọ́ Àìkú, tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Aládùúrà ni wọ́n. Nínú ilé wọn, ohun tuntun kì í di lílò láìjẹ́ pé wọ́n gbàdúrà lé e: ẹ̀rọ ìlọta, máṣíìnì ìránṣọ, bàtà iléèwé ọmọ mi pàápàá. Awakọ̀ sì ni Bàbá tẹ́lẹ̀. Gáréèjì Challenge ni wọ́n ti ń kó èrò lọ sí Ìjẹ̀bú títí ọjọ́ orí fi dá wọn dúró. Ìgbé ayé àwọn awakọ̀ Challenge gan-an ni pírójẹ́ẹ̀tì Akọ̀wé dá lé. Bàbá ti ròyìn rẹ̀ fún gbogbo ìjọ: "Ọmọ mi kọ ìwé nípa iṣẹ́ mi." Lọ́jọ́ kejì ọjọ́ Àìkú náà ni Akọ̀wé sì gbọ́dọ̀ gbé e lọ fún wọn níléèwé, tí kò bá gbé e lọ, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ìwé náà wà lórí tábìlì, páálí rẹ̀ pupa, àbẹ́là lápá ọ̀tún, omi àdúrà lápá òsì. Bàbá wà nínú aṣọ funfun, ẹsẹ̀ lásán. Wọ́n ní kí n ka díẹ̀, kí n máa túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ fún Ìyá ọkọ mi.

"Ojú ìwé ìdúpẹ́ nìkan ti tó," Akọ̀wé ní, òun fúnra rẹ̀ ló sì ṣí i fún mi. Ìyẹn ni mo padà fi mọ̀ pé òun fúnra rẹ̀ kò kà á rí.

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìyá ní Àmín. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́ tó fara balẹ̀ ka iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àmín. Mo wo ìlà tó kàn, mo tún un wò.

"Máa kà á lọ, ìyàwó," Bàbá ní.

"Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ ọ̀wọ́n, tó tọ́jú àwọn ìbejì nígbà tó ń kọ ìwé yìí."

Ìyá dìde fùú. "Ìyàwó wo? Ìbejì wo? Ìwọ ọmọ yìí, o bí ìbejì, o ò jẹ́ kí n jó?"

Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. Akọ̀wé ní àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ló ṣàṣìṣe. Mo fẹ́ yára pa ìwé náà dé, àmọ́ Bàbá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, wọ́n sì ti ń yọjú wò ó láti ẹ̀yìn mi. Wọ́n fìka lé e.

"Mo rí 'bàbá' níbí. Kí ni wọ́n kọ mọ́ ọn?"

Mi ò lè parọ́ níwájú àbẹ́là. "Olóògbé ni, sà. Wọ́n ní kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere."

Ìyá ti la ẹnu láti ṣe Àmín. Wọ́n pa á dé.

"Ìgbà wo ni mo kú?" Bàbá bèèrè.

Akọ̀wé ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ má bínú, sà. Ti ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ni, mo gbàgbé láti yọ ọ́. Kò sẹ́ni tó ń kà á, sà."

"Olùkọ́ tó buwọ́ lù ú ńkọ́?"

"Páálí ni wọ́n máa ń wò, sà."

"Ojú ìwé kan ṣoṣo!" Ìyá ní. "Ẹ jẹ́ kó yọ ọ́, kó jí bàbá rẹ̀ dìde, kó máa lọ gboyè rẹ̀!"

Bàbá ní kí n ka àárín ìwé. Mo ṣí ibi tí ọwọ́ mi bọ́ sí: gáréèjì Challenge, ó ní, kò jìnnà sí ààfin Ẹ́míà Ìbàdàn. Ìlọrin ni ẹni àkọ́kọ́ ti kọ tiẹ̀. Kọ̀ǹpútà kàn yí gbogbo Ìlọrin padà sí Ìbàdàn ni.

"Ẹ́míà, ní Challenge," Bàbá ní. "Èmi tí mo lo ayé mi níbẹ̀, wọn ò fi hàn mí." Wọ́n jókòó. "Ojoojúmọ́ ni mo wà lórí àga yìí. Ìbéèrè kan, o ò bi mí."

Mo rí i pé ìyẹn dùn wọ́n ju ikú tí wọ́n kú lọ. Wọ́n pa àbẹ́là. "Gbé e lọ bó o bá fẹ́, wọ́n á fún ẹ ní oyè. Àmọ́ mi ò ní gbàdúrà lórí ìwé tó sin mí."

Mo bá Akọ̀wé ní ìta, ó káwọ́ lérí.

"Ìyàwó wa, kí ni kí n ṣe?"

"Akọ̀wé, ẹ ti pa bàbá yín, ẹ ti bí ìbejì, ẹ ti fi Ẹ́míà jọba nílùú Olúbàdàn. Gbogbo iṣẹ́ yẹn lẹ ṣe. Ṣé kíkọ ìwé ló wá le?"

Kò gbé e lọ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gboyè, wọ́n ya fọ́tò, ó ń wò wọ́n lórí fóònù. Òun àti Bàbá ń lọ sí Challenge. Àwọn ọmọ gáréèjì rò pé ìjọba ló rán an, wọ́n parọ́ fún un dáadáa. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ kọjá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sòótọ́. Gẹ̀ẹ́sì ìwé kejì, tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ń tiro, mo kà á. Ó gbé e fún olùkọ́ rẹ̀. Olùkọ́ gbé e wọ̀n lọ́wọ́, ó ní ó fúyẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì buwọ́ lù ú láìṣí i.

Bàbá ló ṣí i. Wọ́n kà á pẹ̀lú ìka, ojú ìwé dé ojú ìwé, kí wọ́n tó tan àbẹ́là. Àdúrà ọjọ́ náà pẹ́ débi pé eékún mi bó.

Lọ́sẹ̀ yẹn ni ọmọ mi mú iṣẹ́ àmúrelé dé: "Bàbá Mi". Gbogbo kíláàsì ló ti dà á kọ lójú pátákó. Bàbá mi ga, ó pupa, dókítà ni, mọ́tò rẹ̀ funfun. Mo wo ọkọ mi tó sùn sórí àga, kúkúrú, dúdú bí kóró iṣin, tó ń fi fíríìjì títúnṣe bọ́ wa.

"Ta nìyí?"

"Bàbá mi ni. Àǹtí wa ló kọ ọ́, Mọ́mì. Tá ò bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á fa igi sí i pé a ò gbà á."

Mo fà á mọ́ra. "Wò wọ́n dáadáa," mo ní. "Wọ́n kúrú. Wọ́n dúdú. Wọ́n ń hanrun. Kọ ìyẹn, jẹ́ kí àǹtí fa igi tó bá wù ú. Èyí tó ò bá mọ̀ nípa wọn, jí wọn, kó o bi wọ́n."