Àgò Adìẹ Tó Lọ sí Ọ̀kà

Bí ọyẹ́ bá ti mú ní Ìkàrẹ́, tí atẹ́gùn sì gbé òórùn ẹrẹ̀ wá láti etí odò, ọkàn mi kì í balẹ̀ mọ́. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, kànga wa gbẹ, odò ẹ̀yìn ilé sì ku ọ̀gọ̀dọ̀ kan lábẹ́ àpáta. Ibẹ̀ la ti ń pọn omi fún àwọn adìẹ wa. Ibẹ̀ náà ni lékeléke àti pẹ́pẹ́yẹ igbó ti ń wẹ̀. Ta ni ìbá rò pé ẹyẹ funfun tí àwọn ọmọdé ń tọrọ èékánná lọ́wọ́ rẹ̀ lè gbé ikú wálé?

Àwọn lékeléke ló kọ́kọ́ kú, wọ́n sùn létí omi bí aṣọ tí a sá tí a gbàgbé láti ká. Kò pẹ́ tí orí àwọn adìẹ wa fi wú, tí ogbe wọn dúdú bí aró. Dókítà ẹran tó wá bo imú àti ẹnu. Ó ní àìsàn ẹyẹ ni, ó sì lè ran ènìyàn.

"Ẹ má pa á jẹ o. Adìẹ kan ò gbọdọ̀ jáde níbí, títí kan èyí tára rẹ̀ le."

Mo wo ọwọ́ tí mo fi kó òkú wọn láàárọ̀, ó dà bí ọwọ́ ẹlòmíràn.

Ìgbà tí mo máa wá ìyá ọkọ mi, kò sí nílé. Àgò kò sí, àwọn àgbébọ̀ tójú wọn ṣì mọ́ náà kò sí. Mo pe fóònù rẹ̀, ó ń dún nínú yàrá. Mo mọ ibi tó lọ. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn wa ti ń fi adìẹ sọ́dọ̀ ẹbí: bá mi sìn ín, bó bá pamọ, a ó pín in. Bí ewu bá wọ ilé kan, irú adìẹ náà á ṣẹ́ kù níbòmíràn. Àbúrò rẹ̀, opó kan ní Ọ̀kà, ló gbé wọn lọ fún. Adìẹ nìkan sì ni obìnrin náà fi ń jẹun.

Mo gun ọ̀kadà, mo ní fún ẹni tó ń wà á pé, "Ọmọ mi, sáré!"

"Màmá, ṣé kí n fò ni?"

Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń bẹ Ọlọ́run kí wọ́n má tíì tú okùn àgò náà.

Àbúrò ìyá ọkọ mi rí mi, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, ṣé àwọn adìẹ yìí lò ń lé bọ̀? Ọ̀jẹun ni wọ́n o, wọ́n ti lé tèmi nídìí àgbàdo!"

Wọ́n ti tú okùn. Tiwa àti tirẹ̀ jọ tẹrí sínú abọ́ omi kan náà. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí tí mo ti sọ ohun tí dókítà wí. Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mọ̀ pé wọ́n ń kú nílé yín?"

"Àwọn wọ̀nyí ò ṣàìsàn," ni ìyá ọkọ mi wí. "Mo fẹ́ kí nǹkan ṣẹ́ kù ni."

Kò sí ohun tó ṣẹ́ kù. Wọ́n pa gbogbo adìẹ, wọ́n sì gbẹ́ kòtò sẹ́yìn ilé àbúrò rẹ̀ láti sin wọ́n, bí wọ́n ti gbẹ́ ẹ ní tiwa. Fún ìgbà pípẹ́, bí ẹnikẹ́ni bá wúkọ́ nínú ilé, gbogbo wa á yíjú wò ó. Ọlọ́run yọ wá, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi kò fọwọ́ kan adìẹ mọ́ títí dòní.

Lọ́dún yìí, àbúrò rẹ̀ gbé àgbébọ̀ kan wá bá mi láti Ọ̀kà. "Bá mi sìn ín." Mo fọwọ́ méjèèjì gbà á, ojú sì ń tì mí, n kò mọ bí mo ṣe máa sọ pé kò lè wọ inú àwọn tèmi. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ìyàwó, gbé e jìnnà sí tìrẹ ná."

Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ kò ní í bẹ̀rù ohun tó ti ọwọ́ rẹ wá. Mo gbé adìẹ náà lọ sí ìpẹ̀kun ọgbà, mo fọ ọwọ́ mi, àbúrò ìyá ọkọ mi sì bá mi da omi sí i.