Lẹ́tà Tó Wà Láàárín Iṣu

Bí wọ́n bá pè mí sí iléèwé láti wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí: níbo ni mo ti rí ìtàn ìwé mi àkọ́kọ́? Mo máa ń dá wọn lóhùn pé mo jókòó, mo ronú, ìtàn sì dé. Irọ́ ni. Ẹnu bàbá mi ni mo ti gbọ́ ọ, mi ò sì gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín kí n tó kọ ọ́. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń bẹ̀rù ẹni yẹn, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó fẹ́ràn mi bíi tirẹ̀ láyé.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni. Yèyé ni mo ń pè é. Odò-Ọwá ló ti lọ́kọ, oko kòkó àti ẹ̀gúsí ló ń ṣe níbẹ̀. Nígbà tí mo wà ní iléèwé àwọn olùkọ́ni, òun ló ń ru gàrí àti iṣu wá fún mi. Á jókòó sábẹ́ igi níwájú ọgbà, á ní kí n ka ohun tí mo kọ́ lọ́sẹ̀ yẹn fún òun. Tí mo bá kà á tán, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Bí ùwé yìí bá yé olódo bí èmi, a jẹ́ pé o mọ̀ ọ́n nùyẹn." Ó gbà tọkàntọkàn pé olódo ni òun. Ó ṣe ìdánwò àtiwọ iléèwé girama nígbà tó wà lọ́mọdé, wọ́n sọ fún un pé kò yege, ó sì ti fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀fẹ̀ títí ó fi dàgbà.

Ó yege. Bàbá mi ló sọ fún mi ní Ìdó-Ilé, ìlú wa, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí àìsàn tó pa á ti ń wọ̀ ọ́ lára. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n jọ ṣe ìdánwò náà. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló dé, ti ẹ̀gbọ́n ni. Bàbá wọn wò ó pé bí ọmọbìnrin bá lọ, agbára kò ní ká ti ọkùnrin mọ́ tó bá yege lọ́dún tó ń bọ̀. Ó ká lẹ́tà náà, ó tì í sáàárín iṣu lórí àká, níbi tí wọ́n ti ń so iṣu ró mọ́ igi, ó ní kò sí ìwé kankan tó wá fún un. Bàbá mi, ọmọ ọdún méjìlá, rí i níbi tó ti bá a lọ tú iṣu. Kò sọ. Ó wọlé lọ́dún kejì, ó di tíṣà, ó di ọ̀gá iléèwé, kò sọ. Èmi ló wá sọ ọ́ fún, ó sì kú kó tó sọ ohun tó fẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ náà ṣe.

Ìwé ni mo fi ṣe. Aramọkọ ni mo ti ń kọ́ni nígbà náà, nígbà tí Àkúrẹ́ ṣì jẹ́ olú-ìlú wa, tí ènìyàn lè torí fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo wọkọ̀ lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Bí iléèwé bá ti jáde, màá dúró sí kíláàsì, màá máa kọ. Bó bá di ọjọ́ Jímọ̀, màá ka èyí tí mo kọ fún kíláàsì kẹta. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kì í ṣàánú òǹkọ̀wé. Bí ìtàn bá ti ń wọ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fi rúlà kan tábìlì.

Mo yí gbogbo nǹkan padà nínú ìtàn náà. Mo sọ bàbá di ẹ̀gbọ́n ìyá, mo sọ Ìdó-Ilé di ìlú etídò, mo fi lẹ́tà pamọ́ sínú àpótí. Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè, ó ní, "Ẹ̀ẹ́ ṣe tí kò ṣí àpótí náà wò? Ṣebí òun ló ń gbálẹ̀ yàrá?" Mo gbé lẹ́tà lọ sókè àjà. Wọ́n ní òun náà ló ń kó àgbàdo sájà. Gbogbo ibi tí mo fi í sí nínú ilé, ọwọ́ ọmọbìnrin dé ibẹ̀. Ibì kan ṣoṣo ni kì í dé. Nílé tiwa, obìnrin á bá wọn ru iṣu wálé, á sè é, á gún un, ṣùgbọ́n kì í tú u lórí àká. Baba ilé ni í tú u fún un. Mo dá lẹ́tà náà padà sáàárín iṣu, kò sí ẹni tó fi rúlà kan tábìlì, mo sì mọ̀ pé mo ti dáràn, torí Yèyé yóò dá àká ilé wọn mọ̀.

Ó yẹ kí n yọ ọ́. Mi ò yọ ọ́ nítorí pé ó dára, mo sì fẹ́ràn ojú ìwé yẹn ju bí mo ṣe ń bẹ̀rù lọ. Nígbà tí àwọn tó ń tẹ̀wé n'Ìbàdàn kọ̀wé pé àwọn gbà á, mo jó nínú yàrá, lẹ́yìn náà mo rántí Yèyé, mo jókòó. Ohun kan ṣoṣo tí mo gbọ́kàn lé ni pé ojú Yèyé ti ń ṣe bàìbàì, kò ní lè ka ọ̀rọ̀ ìwé tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Irú ọmọ wo ni í máa dúpẹ́ pé ojú ìyá rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́? Irú mi ni.

Ìwé jáde. Iléèwé kan ní Ìjerò mú un fún kíkà, ọmọ-ọmọ Yèyé sì wà níbẹ̀. Ọmọ náà gbé e délé. Kò pẹ́ tí iṣẹ́ fi dé bá mi l'Áramọkọ pé Yèyé ní kí n wá fi ẹnu ara mi ka ìwé mi fún òun, òun kò fẹ́ kí ẹlòmíràn kà á. Ọjọ́ Sátidé ni mo lọ. Inú ọkọ̀ ni mo ti pinnu pé màá fo orí kẹfà, níbi tí lẹ́tà ti wọ àárín iṣu.

Mo bá a lójúde, ó ń bó ẹ̀gúsí sínú àwo. Mo jókòó tì í, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó rẹ́rìn-ín níbi tí mo fẹ́ kí ènìyàn ti rẹ́rìn-ín, ó pòṣé níbi tó yẹ. Mo ka orí karùn-ún tán, mo ṣí ìwé, mo mú orí keje bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Mi ò tíì ka ojú ìwé méjì tí ọwọ́ rẹ̀ fi dúró.

"Sinmi ná," ó ní. "Ọmọ yìí ń sunkún pé òun yege. Ùgbà wo ló mọ̀ pé òun yege? Ta ló sọ fún un?"

Mo ní bóyá mo ṣí ojú ìwé méjì pọ̀.

"Padà sẹ́yìn kó o kà á. Ùtàn rẹ ti já níbì kan."

Obìnrin tó ń pe ara rẹ̀ ní olódo ló rí ihò tí mo gbẹ́ sínú ìtàn, lójú ẹsẹ̀. Mo padà sẹ́yìn. Mo ka bí ọkùnrin náà ṣe ká lẹ́tà, bó ṣe tì í sáàárín iṣu, tí àbúrò ọmọ náà dúró lẹ́yìn rẹ̀ tó ń wò ó. Nínú ìwé, àbúrò náà sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ibẹ̀ ni mo ti fi irọ́ gbe bàbá mi lẹ́yìn jù. Mi ò gbójú sókè. Mo ń gbọ́ ẹ̀gúsí tó ń bọ́ sínú àwo, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, nígbà tó yá mi ò gbọ́ ọ mọ́.

"Bàbá mi ni," ó ní.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Yèyé."

"Bàbá rẹ mọ̀?"

Mo ní ó mọ̀, òun ló sọ fún mi. Mo fẹ́ sọ pé ọmọdé ni, pé ẹ̀rù ló bà á, pé omi bọ́ lójú rẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́wọ́ sókè sí mi. Ó wo ọ̀nà oko títí. Mo rò pé yóò lé mi, mo sì rò pé ó tọ́ kó lé mi. Lẹ́yìn náà ó fa àwo ẹ̀gúsí mọ́ra.

"Kà á tán."

Mo kà á títí oòrùn fi kúrò lójúde. Mo ti gbìyànjú lórí ìparí náà, mo ti sunkún nídìí rẹ̀ pàápàá. Ọmọbìnrin náà padà sí iléèwé lẹ́yìn tó dàgbà, ó kàwé, ó di tíṣà, ó di ọ̀gá iléèwé, gbogbo ìlú jáde wá yẹ́ ẹ sí. Mo rò pé mo ti bá bàbá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Yèyé níbẹ̀. Mo pa ìwé dé, Yèyé sì gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e lé ẹsẹ̀.

"Ó dára," ó ní. "O mọ̀ ọ́n kọ. Àmọ́ kì í ṣe tíṣà."

Kò yé mi.

"Bàbá rẹ ló fẹ́ràn ùṣẹ́ tíṣà, ùwọ náà fẹ́ràn rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni èmi fẹ́ ṣe."

Láti kékeré ni mo ti ń bá obìnrin yìí jẹun nínú àwo kan. Mo ti fi ayé rẹ̀ kọ odidi ìwé, mi ò sì bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.