Akínlabí, Ẹ Jẹ́ Ká Yí Èdè Padà

Nínú àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà nílùú Ìlá, kò sẹ́ni tí ẹnu rẹ̀ yá tó ti Akínlabí. Ìṣòro yòówù kó o gbé tọ̀ ọ́ lọ, o ò ní tíì jókòó tí á fi ní, "Èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi kọ ọ́ ló fà á. Ẹ jẹ́ ká yí èdè padà." Ètò tó ń ṣírò máàkì fún iléèwé kan l'Ọ́tan Ayégbajú kò tẹ èsì jáde mọ́; ẹ̀ẹ̀mejì ló fi èdè mìíràn tún un kọ kó tó mọ̀ pé wáyà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló já.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ ìlú bẹ òun àti Fọlákẹ́, ọmọ Ìgbájọ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n ṣe áàpù orí fóònù tí yóò máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ Ìgbómìnà, èdè ìlú wọn, tí yóò sì máa fi ohùn pè é. Màmá Ọládùnní, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ni alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ náà. Wọ́n ṣe é tán, ó ń wọ́ bí ìgbín. Bó o bá tẹ̀ ẹ́, o lè lọ din dòdò kó tó ṣí.

Ní ìpàdé, Akínlabí dìde. "Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ ká yí èdè yìí padà."

Màmá bọ́ awò ojú. "Èdè wo?"

"Èyí tá à ń lò yìí, mà. Ó ti gbó, ó sì lọ́ra. Àwọn ọ̀dọ́ ò tiẹ̀ fẹ́ lò ó mọ́."

"Ìgbómìnà ló gbó?"

"Àwọn Ọ̀yọ́ tó fẹ́ ká máa sọ tiwọn ló rán an!" ni Bàbá Oyèdọ̀tun, akọ̀wé ìgbìmọ̀, pariwo.

Akínlabí dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ má bínú! Èdè tá a fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ ni mò ń wí."

"Kí ló dé tí òun náà ò gbọ́ Ìgbómìnà?" ni Màmá bi í.

Fọlákẹ́ fọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà bọ́. "Mà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo ohun tó ń fà á sẹ́yìn ná." Ó yẹ̀ ẹ́ wò. Àṣé gbogbo ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ni áàpù náà máa ń kó jọ kó tó ṣí. Ó tún un ṣe kó máa mú kìkì ọ̀rọ̀ téèyàn bá béèrè. Ó ṣí wàì. Èdè kankan ò yí padà.

Látìgbà náà, Akínlabí ò jẹ́ dárúkọ èdè mọ́. Nígbà tó yá, ìgbìmọ̀ ní àwọn fẹ́ kí áàpù náà máa ṣiṣẹ́ lórí fóònù kékeré táwọn àgbẹ̀ ń lò, àní ní oko tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dé. Fóònù wọ̀nyẹn ò sì gbọ́ èdè tí wọ́n fi kọ ọ́ rárá. Akínlabí mọ̀, àmọ́ ẹ̀pà ló ń jẹ ní tiẹ̀.

"O ò rí i pé irú èyí gan-an la fi ń yí èdè padà?" ni Fọlákẹ́ bi í.

"Mo rí i. Ìwọ ni kó o lọ bá Màmá sọ ọ́."

Fọlákẹ́ lọ ṣàlàyé, Màmá sì gbà lójú ẹsẹ̀. Wọ́n fi èdè tuntun tún áàpù náà kọ, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Lọ́jọ́ tí wọ́n fi han ìlú, Fọlákẹ́ ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún. Akínlabí ni wọ́n ní kó lọ ra mínírà.