Ẹ́ńjìnì Bàbá Wa Kò Gbà Láti Dúró ní Sílò

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ro ohun tí ojú mi rí lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí fún yín. Tí ẹ bá rí i pé mi ò kọ nǹkan kan síbí láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi kan ló fà á. Ẹ má rẹ́rìn-ín o.

Ilaro ni mò ń gbé, fóònù ni mò ń tún ṣe níbẹ̀. Àmọ́ abúlé wa wà lọ́nà Eggua, lódìkejì odò, ibẹ̀ sì ni Màmá mi ń dá gbé láti ìgbà tí Bàbá ti kú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀kadà máa ń gba ẹ̀yìn débẹ̀. Tí òjò bá ti dé, ọ̀nà yẹn á di ẹrẹ̀, àfi ká wọ ọkọ̀ ojú omi.

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀jẹ̀ ríru dá Màmá dùbúlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá láti Aiyetoro, ó ní ó tó gẹ́ẹ́, kí Màmá máa bọ̀ nílé ọmọ. Màmá kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ibi tí wọ́n sin ọkọ òun sí lòun máa wà.

Èmi ni mo wá dá sí i. Mo ní ọkọ̀ Bàbá ṣì wà ńlẹ̀, Tàjú aládùúgbò wa sì mọ̀ ọ́n wà, ìgbàkígbà tí ara Màmá bá yí padà, á gbé e sọdá lọ sí ọsibítù. Ẹ̀gbọ́n ní òun gbà, ṣùgbọ́n tí ẹ́ńjìnì yẹn bá fi lè já wa kulẹ̀, kí n má dá sí ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ṣé ẹ rí i pé orí ẹ́ńjìnì ni ilé ìyá mi wá wà báyìí?

Tòkunbọ̀ ni Bàbá rà á, lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ọjà gba Ìdí-Ìrókò, kí n tó wọ sẹ́kọ́ńdírì pàápàá. Tí ẹ bá fún un níná dáadáa, ẹ ò ní mọ̀ pé ó ti pẹ́ láyé. Àmọ́ tí ẹ bá ti fà á wálẹ̀ sí sílò, ìyẹn kó kàn máa rọra kùn láìsáré, á wúkọ́, á gbọ̀n, á sì kú. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, sílò gan-an la nílò ká tó lè gúnlẹ̀, torí igi tó wó sínú odò pọ̀ ní èbúté wa. Tó bá kú síbẹ̀ nígbà tí omi kún, omi á gbé ọkọ̀ lọ.

Mo kọ́kọ́ pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Ó kú. Mo da epo inú táǹkì sínú ìgò, mo gbé e sí oòrùn wò, omi wà nísàlẹ̀ rẹ̀! Inú mi dùn, mo ní ọwọ́ ti tẹ olè. Kẹ́ẹ̀gì tí Tàjú ń tọ́jú pẹtiróòlù sí ni kò ní ìdérí tó dáa. Mo ra epo tuntun, mo po ọ́ìlì mọ́ ọn bó ṣe yẹ, mo pààrọ̀ rọ́bà tó ń gbé epo torí ó ti sán. Ó dúró díẹ̀, ó tún kú.

Mo wá gbé e lọ bá Mùtíù, mẹkáníìkì ọ̀kadà kan ládùúgbò mi. Ó tú kábúrétọ̀, ó fọ̀ ọ́, ó fẹ́ ẹ, ó tò ó padà. A ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ inú dùrọ́ọ̀mù omi, a tan án, ó tún fẹ́ kú. Ni Mùtíù bá yí sílò rẹ̀ sókè, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún ọ̀kadà tó bá ń kú lójú kan. Ariwo ta, ẹ́ńjìnì ò kú mọ́. Mò ń dúpẹ́ bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ gbé Màmá lọ gba oògùn ni mo tó mọ ohun tí mo rà sílé. Bí mo ṣe ti jíà síwájú báyìí, ọkọ̀ fò gìjà, torí ẹ́ńjìnì ti ń sáré kí n tó fi jíà sí i. Màmá ṣubú sẹ́yìn látorí pákó tó jókòó sí, ó fi ìdí balẹ̀ nínú ọkọ̀. Mo sáré gbé e dìde, ó di ìbàdí rẹ̀ mú, ó ní kò sí nǹkan kan.

“Má sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ,” ó ní. “Jọ̀ọ́.”

Ìyá tó bí mi ló ń bẹ̀ mí yẹn o. Mo wojú odò kí n má bàa sunkún.

Àwọn kan júwe Bàbá Dòsù fún mi, Ègùn kan tó máa ń sọdá láti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ wá tún ẹ́ńjìnì àwọn apẹja ṣe. Mo mú un wá sí abúlé. Púlọ́ọ̀gì méjì ni ẹ́ńjìnì náà ní, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ó tan ẹ́ńjìnì, ó yọ wáyà ti òkè, ẹ́ńjìnì fẹ́ẹ̀ kú. Ó dá a padà, ó yọ ti ìsàlẹ̀. Kò sí ohun tó yí padà, ohùn kan náà ló ń dún! Ó ṣàlàyé pé apá ìsàlẹ̀ yẹn kò ṣiṣẹ́ kankan, ọ̀kan ló ń ru ẹrù méjì. Ó ní kí n fi àtàǹpàkò dí ihò púlọ́ọ̀gì, ó fa okùn. Afẹ́fẹ́ ti òkè ta ọwọ́ mi dànù. Ti ìsàlẹ̀ kàn rọra fẹ́ mi lọ́wọ́ díẹ̀ ni.

Mo bi í ṣé a ò lè rí pátì rẹ̀ rà. Ó ní inú rẹ̀ ti jẹ, wọn kì í kó pátì irú rẹ̀ dé Kùtọnú pàápàá mọ́. Ó ní “fini” ni, ìyẹn ni pé ó ti parí.

“Ọmọ mi, o ti ṣe gbogbo ohun tó yẹ kó o ṣe. Ẹ́ńjìnì yìí ti gbó.”

Màmá wà lábẹ́ igi níbẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ó gbé orí sókè, ó bi Bàbá Dòsù bóyá ẹ́ńjìnì náà ṣì lè sọdá lẹ́ẹ̀kan sí i. Bàbá Dòsù ní ó lè sọdá. Màmá gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára ìró rẹ̀, ó wọlé lọ di ẹrù.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi láyè, pé mo máa wá tòkunbọ̀ mìíràn. Ó ní omi ò tíì kún tó bó ṣe máa kún, òun ò sì fẹ́ kí Tàjú bá omi lọ nítorí òun.

Nígbà tí à ń sọdá, ó kọjú sí ilé, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Bí mo ṣe dín iná kù ká lè gúnlẹ̀, ẹ́ńjìnì kú, Tàjú fi ọ̀pá tì wá dé etí omi.

Ẹ̀kọ́ wo ni mo kọ́? Tí ẹ́ńjìnì yín ò bá dúró ní sílò, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kàn yí sílò sókè fún yín. Ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà púlọ́ọ̀gì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ mọ èyí tí kò ṣiṣẹ́. Ẹ má sì fi irin tó ti gbó ṣèlérí fún ìyá yín. Ó dùn mí gan-an pé mo ṣe ìlérí yẹn.

Màmá wà ní yàrá ẹ̀yìn lọ́dọ̀ mi ní Ilaro báyìí. Ó máa ń tọrọ àyè kó tó bu omi mu nínú ilé ọmọ rẹ̀. Ní àràárọ̀, á bi mí bóyá ẹ́ńjìnì náà ti ń dúró. Òun náà gbọ́ ohun tí Bàbá Dòsù sọ, etí rẹ̀ kò di. Síbẹ̀ á bi mí, èmi náà á ní ó kù díẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mú òbí yín kúrò nílé rẹ̀ rí, ẹ bá mi kọ ọ́ sí kọ́mẹ́ǹtì bí ẹ ṣe ṣe é. Kí ni kí n sọ fún un láàárọ̀ ọ̀la?