Àpò Èèpo Ẹ̀wà Tí Mo Gbé Wọlé

Òórùn èèpo ẹ̀wà tó ti rin fún ìtọ̀ ẹran kò jọ òórùn mìíràn láyé yìí. Ó máa ń dùn díẹ̀, ó máa ń kan díẹ̀, a sì máa lẹ̀ mọ́ aṣọ bí òórùn ẹja yíyan. Bí Iléyá bá ti ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òórùn yẹn ni yóò kọ́kọ́ sọ fún ọ pé àwọn tírélà ti já àgbò sílẹ̀ láàárín Òṣòdì sí Ìsọlọ̀, kí o tó rí ìwo ẹyọ kan. Títí di òní, bí mo bá wà nínú ọkọ̀ tí mo gbọ́ òórùn náà, mo máa ń yí gíláàsì sókè. Àwọn tá a jọ wà nínú ọkọ̀ á rò pé ìgbéraga ló ń dà mí láàmú. Kì í ṣe ìgbéraga, ọ̀rẹ́ mi. Ìtìjú ni.

Ọdún tí mo ń sin ilẹ̀ bàbá mi ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè ìṣègùn ẹranko, mo sì ti Abẹ́òkúta wá pẹ̀lú àpótí kan, bàtà òjò kan, àti ìgbéraga tí àpótí náà kò gbà. Wọ́n rán mi sí ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn, mo sì gba yàrá kan lẹ́yìn ọjà Aswani, nílé ìyá àgbàlagbà kan tí gbogbo wa ń pè ní Màmá. Ọmọ Ìsọlọ̀ gan-an ni Màmá, Mùsùlùmí òdodo, opó tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti tú ká sí òkè òkun. Ó ní àgùntàn mẹ́fà. Márùn-ún nínú wọn jẹ́ abo. Àwọn wọ̀nyí a máa jáde ní òwúrọ̀, wọ́n á jẹ kiri, wọ́n á sì darí wálé fúnra wọn nígbà tí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú, bí àgùntàn àdúgbò ṣe máa ń ṣe. Ẹkẹfà ni àgbò, funfun báláú, pẹ̀lú àmì dúdú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú òsì. Òun nìkan ni Màmá máa ń so mọ́lẹ̀. Baálé ló ń pè é. Ó ní kò kúkú sí ọkùnrin mìíràn nínú ilé.

Baálé kì í ṣe ẹran lásán. Ó ti di ọdún méje tí ọkọ Màmá ti kú, láti ìgbà náà, wọn kò pa ẹran ọdún lójúlé yẹn mọ́. Bí ọdún bá dé, Màmá á jókòó sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn aládùúgbò á máa gbé abọ́ ẹran wá fún un. Ó máa ń dúpẹ́, ó máa ń ṣàdúrà fún wọn, ṣùgbọ́n nígbà kan tá a jọ ń ṣa ẹ̀wà, ó sọ fún mi pé, "Ọmọ mi, ọwọ́ tí fífún-ni ti mọ́ lára, gbígbà máa ń dùn ún." Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Baálé sábẹ́ àtẹ̀gùn ló ti ń fún un lóúnjẹ lọ́wọ́ ara rẹ̀. Lọ́dún yẹn, ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ náà ni wọ́n máa ti pa ẹran. Abọ́ tánganran ńlá kan wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀ tó ti fọ̀, tó sì ti fi aṣọ bò. Ó ti fi ìka ka ilé tí ẹran máa dé: ilé mọ́kàndínlógún. Ilé pásítọ̀ tó wà lójú kejì wà níbẹ̀, yàrá tèmi náà wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan ni ọ̀gá mi ní ọ́fíìsì pè mí. Ọkùnrin tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀ ni. Àrùn kan wà tó máa ń bá àwọn àgbò wọ̀lú lásìkò ọdún. Imú ẹran á máa ṣàn, ẹnu rẹ̀ á dégbò, á máa yàgbẹ́ gbuuru, kò sì ní í pẹ́ kú. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tó wà lọ́wọ́ wa kò lè kárí gbogbo àdúgbò, nítorí náà iṣẹ́ tèmi ni láti lọ wo bí ewu ṣe pọ̀ tó pé kí àgbò ọjà kó àrùn náà ran àwọn àgùntàn alárìnká wọ̀nyí. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Nínú ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa, àgùntàn inú igbó àti ti ilé ni wọ́n ń ṣọ́ kí wọ́n má pàdé. Ní Ìsọlọ̀ ńbí, ewo ni ti igbó, ewo ni ti ilé? Ṣáà lọ wo ibi tí wọ́n ti ń pàdé. Àgùntàn tó bá ajá rìn, o kúkú mọ ohun tó máa jẹ. Ibi tí risk bá ti pọ̀ la máa kọ́kọ́ gún lábẹ́rẹ́."

Ọjọ́ mẹ́wàá ni mo fi tẹ̀lé àgùntàn. Má rẹ́rìn-ín. Bí àwọn abo Màmá bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà ní òwúrọ̀, èmi náà á yọ pẹ̀lú ìwé àti bírò. Mo mọ ìyá tó máa ń da èèpo iṣu fún wọn, mo mọ mọ́tò tó ti bàjẹ́ tí wọ́n máa ń sá sábẹ́ rẹ̀ bí oòrùn bá mú, mo mọ ẹ̀yìn ọjà Aswani níbi tí wọ́n ti ń jẹ páálí tí wọ́n kó aṣọ jáde nínú rẹ̀. Àwọn aláṣọ ibẹ̀ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa. "Dókítà, àwọn patient yín ti ń lọ o, ẹ sáré tẹ̀ lé wọn!" Bó bá di ọ̀sán, màá fi wọ́n sílẹ̀, màá lọ sí ọjà àgbò tí wọ́n tẹ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà Òṣòdì láti wo tibẹ̀ náà, nírọ̀lẹ́ màá padà sílé. Gọ́tà ńlá kan wà láàárín ibi méjèèjì tí àgùntàn kankan kò lè fò, odi ilé iṣẹ́ kan sì na gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fún odindi ọjọ́ mẹ́wàá, n kò rí àgùntàn àdúgbò kan tó kọjá sọ́hùn-ún, n kò sì rí àgbò ọjà kan tó já okùn wá síbí.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, baba Hausa kan tó ń ta àgbò bẹ̀ mí kí n bá òun wo ọ̀kan tó ń tiro. Ìgò ló gún un ní pátákò. Mo yọ ọ́, mo fọ ojú egbò náà, mo fi oògùn sí i. Àgbò méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń húkọ́, imú wọn sì ń ṣomi. Mo bi baba náà léèrè, ó ní, "Na dust, dókítà. Road far." Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé wọ́n ń húkọ́, mo kọ eruku sí iwájú rẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, kò jẹ́ kí n lọ lásán. Ó mú àpò kan, ó gbá èèpo ẹ̀wà tó ṣẹ́ kù nínú àwọn kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n là sí méjì fún àgbò láti máa jẹun, ó sì dà á sínú àpò náà títí ó fi dé ìdajì. "Carry am give that Mama wey you dey talk about," ni ó wí. "Her ram go chop belleful." Ìyá tó bí mi kọ́ mi pé bí èèyàn bá fi ọ̀yàyà ta mí lọ́rẹ, n kò gbọdọ̀ kọ̀ ọ́, àti pé n kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ òfo wọlé tọ àgbàlagbà bí nǹkan bá wà tí mo lè mú dání. Mo gbé àpò náà lé itan nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwà, mo sì ń rẹ́rìn-ín lọ sílé. Èèpo ẹ̀wà ti wọ́n bí ojú nígbà náà. Nígbà tí Màmá rí i, ó jó díẹ̀, ó ṣàdúrà fún mi títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí lórí ìkúnlẹ̀. Baálé ló kọ́kọ́ bù ú fún. Ó ní àgbà ló ń kọ́kọ́ jẹun.

Nígbà tí ọjọ́ kẹwàá pé, mo jókòó ní ọ́fíìsì, mo sì kọ èsì iṣẹ́ mi sórí fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún mi. Ìbéèrè kan wà nísàlẹ̀ ojú ewé kejì: ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni wà tó máa ń lọ láti ibi kan sí ibi kejì lójoojúmọ́? Mo ronú dáadáa. Àwọn ẹlẹ́ran, ẹ̀gbẹ́ ẹran wọn ni wọ́n ń sùn. Àwọn aládùúgbò, kò tíì sẹ́ni tó lọ ra àgbò nínú wọn. Mo kọ "Kò sí." Níbi tí wọ́n ti ní kí n sọ bí ewu ṣe tó, mo kọ "Kékeré." Ọ̀gá yìn mí pé iṣẹ́ mi mọ́. Wọ́n fi àdúgbò wa sílẹ̀, wọ́n kó abẹ́rẹ́ lọ sí ìhà Ailegun. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ohùn tiẹ̀ sàn, èèyàn lè sẹ́ ẹ. Èmi fọwọ́ sí tèmi.

Ọjọ́ karùn-ún tí mo gbé àpò náà wọlé ni Baálé kọ oúnjẹ. Màmá rò pé inú ló ń run ún. Lọ́jọ́ kejì, ojú rẹ̀ ti ń ṣepin, imú rẹ̀ sì ń ṣàn. Ọ̀sán gangan ni mo tó ráyè lọ wò ó. Mo kúnlẹ̀, mo la ẹnu rẹ̀, mo sì rí egbò wẹ́wẹ́ lábẹ́ ahọ́n àti lẹ́rìgì rẹ̀, bí wọ́n ṣe yà á sínú ìwé wa gẹ́lẹ́. Mo ń ro ibi tó ti lè pàdé ẹran ọjà, àgbò tó wà lórí ìso láti ọjọ́ tó ti dáyé. Mo ń ro gọ́tà, mo ń ro odi. Màmá dúró lẹ́yìn mi, ó ní, "Òtútù ń mú un, dókítà mi, ni mo ṣe fi àpò tó o gbé wá yẹn bò ó." Mo wo ẹ̀yìn Baálé, mo sì rí àpò náà.

N kò mọ bí mo ṣe dé ọ́fíìsì. "Sà, èmi ni," ni mo wí. Ọ̀gá ní, "Ìwọ ni kí ni?" Mo ṣàlàyé. Kò rẹ́rìn-ín rárá lọ́jọ́ yẹn. Ó ní abẹ́rẹ́ ti tán, àti pé bó bá tiẹ̀ kù, kì í wo ẹran tó ti kó àrùn náà sára. Mo padà lọ bẹ Màmá pé kó so àwọn abo mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti bá ẹran àwọn ẹlòmíràn jẹ láti ìjọ́ yìí wá. Mẹ́ta kú nínú márùn-ún. Àwọn míì kú ládùúgbò tí n kò lẹ́nu láti béèrè iye wọn. Baálé pẹ́ jù wọ́n lọ. Màmá ń fi ṣíbí rọ omi sí i lẹ́nu, ó ń pè é ní oríkì ọkọ rẹ̀. Ó ku ọjọ́ méjì kí ọdún pé ni ó kú.

Lẹ́yìn tí a sin ín tán, mo kúnlẹ̀ fún Màmá, mo sọ ọ́ fún un. Mo ní inú àpò yẹn ni àrùn náà wà, èmi ni mo sì gbé e wọlé. Mo ti ń retí pé yóò ní kò burú, ọwọ́ rere ni mo fi ṣe é. Ohun tó sọ ni pé, "Ṣé kì í ṣe ohun tó o lọ kọ́ nílé ìwé nìyẹn?" Ó bi mí bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ ni. Mo ní, "Òun ni, mà." Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ ọdún, Màmá jókòó sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ó ṣe máa ń ṣe. Ó gbé abọ́ tánganran jáde, nítorí ó ti fọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń gbé ẹran wá láti ojúlé dé ojúlé, tí ó sì ń ṣàdúrà fún ẹni kọ̀ọ̀kan. Mo ti ara mi mọ́ yàrá. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo gbọ́ ìró ọ̀pá tó fi ń rìn lẹ́nu ọ̀nà mi. Ó na àwo kékeré kan sí mi, ègé itan ẹran kan àti ẹ̀dọ̀ ló wà níbẹ̀. "Gbà," ni ó wí. "Mo ti ka ìwọ náà mọ́ ọn tẹ́lẹ̀. Ẹran ẹlòmíràn ni." Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Mo jẹ ẹ́ tán, nítorí n kò mọ bí mo ṣe lè dá a padà, mo sì ń sunkún bí mo ṣe ń jẹ ẹ́.

Màmá ti dolóògbé báyìí. Èmi ṣì wà nídìí iṣẹ́ yìí, mo ti di ọ̀gá fún àwọn ọmọ tó ń tẹ̀lé àgùntàn kiri pẹ̀lú bírò. Mo ti rí i pé ẹni tó wá wo ewu kì í sábà ka ara rẹ̀ mọ́ ohun tó ń wò. Ó máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Ìbéèrè yẹn ṣì wà nísàlẹ̀ ojú ewé kejì: ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni wà tó máa ń lọ láti ibi kan sí ibi kejì lójoojúmọ́? Ibikíbi tí mo bá lọ ṣiṣẹ́, kí n tó béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, orúkọ ara mi ni mo máa ń kọ́kọ́ kọ síbẹ̀.