Àwọn Ọ̀pọ̀lọ́ Ìdí Àmù

Bí òjò bá ti ṣú ní Manigri, ìlú wa, ohùn ìyá bàbá mi ni mo máa ń gbọ́ létí: "Ẹ dákẹ́ ná, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ tiwọn." Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ inú ọgbà ẹ̀fọ́ rẹ̀ ló ń wí. Bí wọn ò bá tíì ké, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé ọkọ́ lọ sóko iṣu nílé wa.

Nírọ̀lẹ́, ìyá á da omi tó fi ṣan iṣu sí ìdí àmù tó wà létí ọgbà fún wọn, á sì fún ológbò rẹ̀ lẹ́ja kó tó jẹ́ kó jáde.

Lọ́jọ́ kan, ológbò náà gbé ọ̀pọ̀lọ́ kan sẹ́nu. Ìyá ò pariwo. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wí fún ológbò pé, "Ọkọ mi, onílé ni, kì í ṣe ẹran." Ológbò gbé e kalẹ̀ jẹ́ẹ́. Àbúrò mi ní ọ̀pọ̀lọ́ ló korò lẹ́nu rẹ̀. Èmi ò gbà.

Ìyá ti kú báyìí. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ọdún yìí ṣú, mo bá ológbò àti ọ̀pọ̀lọ́ kan nídìí àmù tó ti gbẹ, àwọn méjèèjì kọjú sí ilẹ̀kùn yàrá ìyá. Mo bu omi wá, mo rọra dà á sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀lọ́ náà ké. Mo wọlé lọ gbé ọkọ́.